Ẹ Bi Wá: Etí Òkun Tó Dákẹ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápákọ̀ Òfurufú Kútọnu

Lẹ́tà tó wọlé lórí ọ̀rọ̀ ìrìn àjò pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àmọ́ ti ìyá kan láti Ìtòkú ló wọ̀ wá lọ́kàn jù, òun la máa fi ṣíwájú, a ó wá dá àwọn mẹ́ta míì lóhùn lẹ́yìn ẹ̀ torí ọ̀rọ̀ wọn ò jìnnà síra.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtòkú níbí ni mo wà, àdìrẹ ni mò ń tà. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Faransé ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Kútọnu lóṣù kejì, ó máa ráyè ọjọ́ mẹ́ta kó tó padà ṣùgbọ́n kò ní lè wọ Nàìjíríà. Ó ní kí n mú ọmọ ẹ̀gbọ́n òun méjèèjì dání ká wá pàdé òun níbẹ̀, pé etí òkun kan wà tí ò jìnnà síbi tí bàálù ń bà sí, ká jókòó síbẹ̀ ká jẹun ká rí ara wa. Ọdún 67 ni mo wà, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, mi ò fẹ́ ibi tí wọ́n ti ń lu sípíkà. Àwọn ọmọ yìí, ọkùnrin 14, obìnrin 11, ti ń sọ pé àwọn máa wẹ̀ lókun, ọkùnrin yẹn sì mọ odò Ògùn lúwẹ̀ẹ́ dáadáa. Ṣé ibi tó dákẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́? Ṣé ariwo bàálù ò ní dà wá láàmú? Ọ̀nà wo ni ká gbà, ìwé wo ni ká mú dání? Ìyá Aládìrẹ, Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an mà, Olúwa á jẹ́ kẹ́ ẹ fojú rí ọmọ yín láyọ̀. Ọmọ yín ò tàn yín, ibẹ̀ wà. Pápákọ̀ òfurufú Kútọnu, èyí tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin pè, inú ìlú gan-an ló wà, ní Cadjèhoun, ó sì sún mọ́ òkun débi pé ẹni tó bá jókòó sójú fèrèsé bàálù tó fẹ́ bà, omi ló máa rí lápá kan, òrùlé ilé lápá kejì. Tẹ́ ẹ bá jáde nínú ẹ́pọ́ọ̀tù tẹ́ ẹ kọrí sí apá ibi tí oòrùn ń wọ̀, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi dé Fidjrossè, etí òkun tó ń sọ nìyẹn. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá sí, takisí ò ní lò tó ogún ìṣẹ́jú.

Apá ibẹ̀ yẹn náà ló tọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú yín lọ sí ìlà-oòrùn ìlú. Ìdí ẹ̀ rèé: òkun àgbègbè wa yìí máa ń wọ́ yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi Kútọnu tí wọ́n fi òkúta ṣe ògiri wọnú omi ní nǹkan bí àwọn ọdún 1960, ògiri yẹn dá yanrìn dúró. Yanrìn wá ń kó jọ sápá ìwọ̀-oòrùn, ìlà-oòrùn ò rí tiẹ̀ gbà mọ́, òkun wá ń jẹ ilẹ̀ níbẹ̀, ó gbé ilé àwọn èèyàn lọ títí tí wọ́n fi ní láti tún kó òkúta dà sómi. Torí náà ẹ ó rí yanrìn fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó rọrùn jókòó sí lápá Fidjrossè.

Ariwo bàálù, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàálù tó ń wọ Kútọnu ò pọ̀ bíi ti Ìkẹjà rárá, ẹ máa gbọ́ ọ̀kan, ẹ ó gbójú sókè, ó ti kọjá, ká tiẹ̀ sọ òótọ́ àwọn ọmọ yẹn máa gbádùn ẹ̀. Ariwo èèyàn ló yẹ kẹ́ ẹ sá fún. Láti ọ̀sán Sátidé títí di alẹ́ Sọ́ńdè gbogbo ìlú ló ń wá gba atẹ́gùn sí Fidjrossè, ilé ọtí ṣílẹ̀, sípíkà ń dún, ọ̀dọ́ ń gbá bọ́ọ̀lù, ọkọ̀ ò ráyè páàkì. Àmọ́ àárọ̀ Túsìdeè tàbí Wẹ́sìdeè níbì kan náà, òkun nìkan lẹ máa gbọ́, àtàwọn apẹja. Ẹ bá ọmọ yín sọ ọ́, bó bá lè mú ọjọ́ mẹ́ta yẹn bọ́ sáàárín ọ̀sẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ti parí.

Mo fẹ́ dúró lórí kókó yìí díẹ̀ o, torí mo mọ ohun táwọn èèyàn máa sọ fún yín. Wọ́n á ní Fidjrossè ti di ọjà, ẹ gba Route des Pêches, ìyẹn ọ̀nà tó ń bá etí òkun lọ láti Fidjrossè títí dé Ouidah, nǹkan bí 40 kìlómítà sí Kútọnu, pé tẹ́ ẹ bá ti kọjá Togbin tẹ́ ẹ ń lọ sí Avlékété ẹ ò ní rí ẹ̀dá kankan àfi igi àgbọn. Òótọ́ ni, ibẹ̀ rẹwà. Ṣùgbọ́n èmi ò ní rán ìyá ẹni 67 ọdún àtọmọ méjì lọ síbi tí ò sí ẹ̀dá kankan létí òkun. Ibi tó dákẹ́ jù ni kò ti sí ẹni tó máa gbọ́ igbe yín, bí ọmọ bá kó sínú omi, bí jàǹdùkú bá yọ, bí orúnkún bá dá yín dúró. Ẹ fi ọjọ́ wá ìdákẹ́jẹ́, ẹ má fi jíjìnnà wá a. Ẹ jókòó síbi tẹ́ ẹ ti ń rí hòtẹ́ẹ̀lì tàbí àwọn apẹja lọ́ọ̀ọ́kán, lọ́jọ́ tí èrò ò sí, ìyẹn ti tó.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ wíwẹ̀. Mà, ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ yẹn wẹ̀ nínú òkun yẹn. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ba ìgbádùn wọn jẹ́. Etí òkun Kútọnu dà gẹ̀rẹ́, kì í ṣe èyí tí omi ń jìn díẹ̀díẹ̀, ìgbésẹ̀ mélòó kan omi ti dé àyà, ìgbì sì ń wó lulẹ̀ gbì lẹ́ẹ̀kan náà létí ilẹ̀ níbẹ̀, ó lè gbé àgbàlagbà ṣubú kó tún wọ́ ọ lọ. Èyí tó burú jù ni omi tó ń padà. Gbogbo omi tí ìgbì ń gbé wá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ padà sínú òkun, ibi tí yanrìn ìsàlẹ̀ bá ti jìn díẹ̀ ju ibòmíì lọ ló sì máa ń forí lé. Ẹ rántí bí èrò ṣe ń jáde ní pápá ìṣeré Kútò lẹ́yìn bọ́ọ̀lù tó jẹ́ pé géètì kan ṣoṣo ni wọ́n ṣí, bí omi ṣe ń rọ́ gba ojú kan yẹn nìyẹn, ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á bá a lọ. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ojú ibẹ̀ ló máa ń rọlẹ̀ jù, ìgbì kì í sábà fọ́ níbẹ̀, ọmọ tó ń wá ibi tó tura láti wọ omi, ibẹ̀ gan-an ló máa yàn.

Ọmọ yín ọkùnrin mọ odò Ògùn lúwẹ̀ẹ́, ìyẹn dáa, ṣùgbọ́n ìyẹn gan-an ló ń já mi láyà jù nínú lẹ́tà yín. Odò ń ṣàn gba apá kan, ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ ibi tó ń lọ, bèbè méjèèjì wà nítòsí. Òkun ò ní bèbè kejì. Ọmọ tó gbójú lé agbára apá ẹ̀ máa fẹ́ bá omi yẹn jà, á kọjú sílẹ̀ tààrà á máa wẹ̀, omi á máa fà á sẹ́yìn, títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́, àárẹ̀ yẹn ló sì ń pa èèyàn. Omi yẹn kì í fani sísàlẹ̀, ọ̀ọ́kán ló ń gbéni lọ. Ẹni tó bá bá ara ẹ̀ níbẹ̀, kó má jà, kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kó léfòó, kó nawọ́ sókè kó pariwo, bó bá lágbára kó wẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní ìbú etí òkun, títí tó fi máa kúrò lójú ọ̀nà omi yẹn, ìgbà náà ni kó tó kọjú sílẹ̀. Ẹni tó wà lókè náà, kó má bẹ́ sómi lé e lórí o, báyìí ni èèyàn méjì mẹ́ta ṣe ń bá ọ̀kan lọ. Kó ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí wọ́n dé pa tàbí kúlà sí i kó rí nǹkan dì mú, kó sì fi igbe pe àwọn apẹja, wọ́n mọ omi yẹn ju gbogbo wa lọ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì ní gbogbo èyí kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, bí wọn ò tiẹ̀ ní wọ omi.

Oṣù kejì tẹ́ ẹ mú dáa, òjò ò sí, ìgbì sì máa ń le jù ní nǹkan bí oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án. Ṣùgbọ́n kí ìgbì kéré ju ti oṣù keje lọ ò sọ ọ́ di omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín gba yàrá ní hòtẹ́ẹ̀lì tó ní odò ìlúwẹ̀ẹ́ tiẹ̀, káwọn ọmọ wẹ̀ níbẹ̀ tó bó ṣe wù wọ́n kí àgbàlagbà máa wò wọ́n, kí wọ́n wá sáré lórí yanrìn kí wọ́n ṣa ìkarahun, kí ẹsẹ̀ wọn má kọjá ibi tí yanrìn ti tutù.

Ẹ̀yin fúnra yín mà, ẹ ní kó gba yàrá ìsàlẹ̀ fún yín, kó má ṣe gbé yín gun àtẹ̀gùn. Yanrìn rírọ̀ máa ń ni orúnkún lára, etí omi níbi tó ti le díẹ̀ ló rọrùn rìn ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni ìgbì ń dé, torí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé àga tó ga tó lẹ́yìn sábẹ́ ibòji fún yín, ẹ má jókòó sórí ẹní, dídìde lórí ẹní níbẹ̀ iṣẹ́ ni. Bàtà ò gbọdọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀, ìgò fífọ́ máa ń wà nínú yanrìn. Àárọ̀ kí oòrùn tó mú tàbí láti aago mẹ́rin ló dáa, kẹ́ ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àárọ̀ lẹ ó rí àwọn apẹja tó ń fa àwọ̀n, ọ̀pọ̀ èèyàn á fa okùn kan láti orí ilẹ̀, àwọn yòókù á fa ìkejì, wọ́n á máa kọrin sí i títí àwọ̀n á fi jáde. Ẹ lè ra ẹja lọ́wọ́ wọn. Oúnjẹ ò ní ṣòro fún yín, àkàsà wọn ò jìnnà sí ẹ̀kọ wa, ẹja yíyan àti ata lílọ̀ ló ń bá a rìn, ablo náà wà, ìyẹn oúnjẹ àgbàdo tàbí ìrẹsì tí wọ́n fi ooru omi sè, ó dùn díẹ̀, ó dáa fọ́mọdé.

Ọ̀nà wá kù. Láti Abẹ́òkúta, mo fara mọ́ Ìdí-Ìrókò ju Sẹ̀mẹ̀ lọ: Papalántó, Ìlaròó, Ọ̀wọdé, Ìdí-Ìrókò, ẹ ó bọ́ sí Ìgòlò lódìkejì, Àjàṣẹ́, nǹkan bí 30 kìlómítà sí i ẹ ti dé Kútọnu. Ti Sẹ̀mẹ̀ máa ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wọ Èkó kẹ́ ẹ tún gba ọ̀nà Badagry, ìyẹn ti pọ̀ jù fún orúnkún yín. Àwọn kan ṣì rò pé bọ́dà Ìdí-Ìrókò wà ní títì, rárá o, wọ́n tì í lóòótọ́ lóṣù kẹjọ 2019 pẹ̀lú gbogbo bọ́dà ilẹ̀, Sẹ̀mẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ní oṣù kejìlá 2020, ìjọba àpapọ̀ wá fọwọ́ sí ṣíṣí Ìdí-Ìrókò ní oṣù kẹrin 2022. Síbẹ̀ ẹ gbọ́ ìròyìn kẹ́ ẹ tó jáde. Ṣẹ́kípọ́ìǹtì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn, ẹ jáde ní ìdájí, ẹ sì háyà ọkọ̀ ẹni tó mọ ọ̀nà. Èdè ò ní dí yín lọ́wọ́, Yorùbá ń gbọ́ ara wọn ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu dáadáa, kódà ní ọjà.

Ìwé: ọmọ ECOWAS ni wá, àdéhùn 1979 ti fún wa ní 90 ọjọ́ láìgba físà, ṣùgbọ́n àìgba físà kì í ṣe àìmú ìwé. Páásípọ́ọ̀tù tàbí ìwé ìrìnnà ECOWAS tí ìmígíréṣọ̀n ń ṣe, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tiẹ̀, ọmọdé náà. Tí dẹ́rẹ́bà bá ní ẹ jókòó sínú ọkọ̀ pé òun máa bá yín yanjú ẹ̀, ẹ má gbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, torí ẹni tí ò ní òǹtẹ̀ àbáwọlé ló máa ní wàhálà nígbà àbọ̀. Àwọn ọmọ ò bá bàbá àti ìyá wọn rìn, torí náà ẹ gba lẹ́tà ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ òbí wọn, kí wọ́n búra sí i ní kóòtù, kẹ́ ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí wọn dání. Bọ́dà là ń sọ yìí, àwọn tó ń gbé ọmọ ọlọ́mọ wà, ó sì yẹ kí òṣìṣẹ́ tó rí ìyá àgbà àtọmọ méjì bi í léèrè.

Yẹ́lò káàdì náà, ìwé abẹ́rẹ́ yẹ́lò fífà. Lọ́dọ̀ àwọn Port Health ni kẹ́ ẹ ti gbà á, ẹ má ra èyí tí wọ́n ń tà ní gáréèjì láìgún abẹ́rẹ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ló tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má dúró di ọ̀sẹ̀ ìrìn àjò. Bẹ́ ẹ bá ti gbà á rí, láti 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé títí ayé ni, kì í ṣe ọdún mẹ́wàá mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ ò bá tíì gbà á rí, mà, ẹ rí dókítà yín kẹ́ ẹ tó gbà á, torí ẹni tó bá ti kọjá 60 tó ń gba yẹ́lò fífà fún ìgbà àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ yẹn lè bá a jà ju bó ṣe ń bá ọ̀dọ́ jà lọ. Bí dókítà bá ní kẹ́ ẹ má gbà á, ó lè kọ ìwé tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ó sì mú ìyẹn dání.

Ohun kan sí i torí pé ọmọ Ẹ̀gbá ni yín. Ní Marina, tí ò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú yẹn, ère obìnrin jagunjagun kan wà tí gíga ẹ̀ tó 30 mítà, wọ́n ṣí i ní 2022, ó dúró fún àwọn ọmọ ogun obìnrin Dàhòmì. Àwọn wọ̀nyẹn ni Gézò, ọba Dàhòmì, kó wá bá wa ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹta 1851, tí àwọn bàbá wa lé padà lẹ́nu odi ní Arò, Glèlè ọmọ ẹ̀ tún gbìyànjú ẹ̀ ní 1864, kò rí i ṣe. Ẹ mú àwọn ọmọ dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ẹ sọ ìtàn náà fún wọn níwájú ère yẹn gan-an. Bí wọ́n bá padà dé Abẹ́òkúta kẹ́ ẹ mú wọn lọ sí Arò.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́, ṣé dandan ni ká kọjá bọ́dà ká tó rí bíìṣì tó dákẹ́ nítòsí ẹ́pọ́ọ̀tù ni? Àna mi ń bọ̀ láti òkè òkun, Ìkẹjà ló máa balẹ̀ sí, ó sì fẹ́ wẹ̀ lókun dandan. Ìyàwó Ilé, Aṣẹ́rò.

ÌDÁHÙN: Ìkẹjà jìnnà sí òkun, aunty, bàálù lè bà tán kẹ́ ẹ tún lo ọ̀pọ̀ wákàtí nínú gósílóò kẹ́ ẹ tó fojú kan omi, torí náà ẹ má ṣètò ẹ̀ fún ọjọ́ kan náà tó balẹ̀. Bó bá jẹ́ pé wíwẹ̀ ló ká a lára, Tarkwa Bay ni mo máa sọ. Ọkọ̀ ojú omi lẹ máa wọ̀ débẹ̀ láti CMS tàbí lápá Victoria Island, ibẹ̀ sì rọlẹ̀ ju àwọn etí òkun Èkó yòókù lọ torí ẹnu èbúté ló wà, ògiri òkúta tí wọ́n ṣe sómi fún ọkọ̀ òkun ń gba ìgbì sára kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni kẹ́ ẹ lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì gbọ́dọ̀ wà lọ́rùn gbogbo yín nínú ọkọ̀ yẹn, bí ọlọ́kọ̀ ò bá ní tó yí gbogbo yín ká, ẹ dúró de ọkọ̀ míì, kẹ́ ẹ sì bá a fohùn sí aago tó máa padà wá gbé yín kí ilẹ̀ tó ṣú.

ÌBÉÈRÈ: Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ń ka ìwé ní FUNAAB, a fẹ́ gun ọ̀kadà láti Abẹ́òkúta lọ sí Route des Pêches yẹn, ká pa tẹ́ǹtì sábẹ́ àgbọn ká sùn mọ́jú, torí mo gbọ́ pé ibẹ̀ dá páropáro lóru. Kí ni ká mú dání? Ọmọ Camp.

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ẹ má sùn síbẹ̀. Pé ibẹ̀ dá páropáro lóru lo fi ń yìn ín, ohun náà gan-an ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́ pé kó o má lọ. Ọmọ mẹ́rin tí wọn ò gbọ́ Faransé, tí wọ́n ní fóònù àti ọ̀kadà, nínú òkùnkùn, láìsí ará àdúgbò kankan tó mọ̀ wọ́n, ẹ ò gbọdọ̀ dán an wò. Ẹ wọ mọ́tò dé Kútọnu, ẹ gba yàrá kan lápá Fidjrossè, ẹ wá fi ojúmọmọ lọ Route des Pêches títí dé Ouidah, ẹ rí Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ní ìrántí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gba etí òkun yẹn, ọmọ Yorùbá púpọ̀ wà nínú wọn. Ẹni tó fẹ́ ìdákẹ́jẹ́ níbẹ̀, kó má lọ sí nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní, ọdún Vodun ni, gbogbo ayé ló ń wá sí Ouidah. Ẹ má ya fọ́tò àwọn onísìn láìgbàṣẹ, ẹ má sì ya ti ẹ́pọ́ọ̀tù tàbí sójà. Ọ̀rọ̀ omi tí mo bá ìyá Ìtòkú sọ lókè yẹn, ẹ kà á, ẹ̀yin gan-an lẹ nílò ẹ̀ jù.

ÌBÉÈRÈ: Owó wo là ń ná ní Kútọnu, níbo ni ká ti ṣẹ́ ẹ, ṣé wọ́n ń gba náírà? Oníṣòwò, Òkè-Ìléwó.

ÌDÁHÙN: Sefà ni. Àwọn kan máa gba náírà lọ́wọ́ yín ní bọ́dà àti nínú ọjà ṣùgbọ́n iye tí wọ́n bá fẹ́ ni wọ́n máa kà á sí. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó pọ̀ ní Ìdí-Ìrókò, ẹ bi ẹni méjì mẹ́ta kẹ́ ẹ tó gbà, ẹ fọwọ́ ara yín ka sefà yẹn tán kẹ́ ẹ tó na náírà sí wọn, ẹ má sì ṣẹ́ gbogbo owó yín lójú kan. Ẹ gba owó kéékèèké mọ́ ọn, torí onízémìjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà wọn, kì í sábà ní ṣéńjì fún bébà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹ sì dúnàádúrà kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ẹni tó bá ń mú yúrò bọ̀ láti Faransé, bíi ọmọ ìyá Ìtòkú, ìṣirò tiẹ̀ ò le, wọ́n ti so sefà mọ́ yúrò, yúrò kan jẹ́ sefà 655.957, torí náà bí ẹnì kan bá fẹ́ fún un ní 500 lórí yúrò kan, kó kó owó ẹ̀ kó lọ sí báǹkì.